Àkísà Ẹtù Létí Dáàmù

Bí mo bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ ọyẹ́, tí kùrukùru bo òkè, tí oòrùn sì dà bí àwo kékeré kan tí ẹnì kan gbàgbé sójú ọ̀run, mo máa ń bi ara mi bóyá mo kàn lá àlá nǹkan wọ̀nyí ni. Ọjọ́ ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ti dolóògbé, àwọn tó ṣẹ́kù kò sì rántí bákan náà. Ẹnì kan á ní tánkà pupa ni, òmíràn á ní aláwọ̀ ewé ni. Èmi kì í bá wọn jiyàn. N óò wọlé, n óò ṣí àpótí aṣọ mi, n óò sì fọwọ́ kan àkísà ẹtù kan tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ. Ó ti ṣá, eruku ọjọ́ náà sì wà nínú rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Àlá kì í fi àkísà sílẹ̀ fún ènìyàn.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Òtu kọjá láyé ìgbà yẹn á ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: òkìtì iṣu létí títì, kò sí ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ajá, kò sí ọdẹ. Igi kan péré ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n so ṣùkù àgbàdo, ẹyọ ìgbálẹ̀ díẹ̀ àti àjákù nǹkan kan mọ́ ọn lórí. Ààlè nìyẹn. Ó ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé nǹkan yìí ní ẹni tó ni ín. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣu á wà níbẹ̀ títí ọkọ̀ Ìbàdàn á fi dé, ì báà pẹ́ títí, kò sì sí ẹni tí yóò yọ ọ̀kan níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ àlè ní í rí ààlè tí kì í yà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tìtorí iṣu máa bi òun léèrè bí ìyá òun ti bí òun.

Ààlè bàbá mi dá yàtọ̀. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ilé ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti bí ìyá mi. Nígbà tí ìyá mi ń bọ̀ nílé ọkọ, ó gbé ìró ẹtù kan dání, aṣọ aláró tó dúdú dáadáa, tí ìlà funfun tín-ín-rín là kọjá lára rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìró náà yóò di ti ìlú. Bí bàbá mi bá ti kó iṣu sétí títì, á tú àjákù kan lára ìró yẹn, á so ó mọ́ ṣùkù àgbàdo. Gbogbo ènìyàn láti ọ̀dọ̀ wa dé Kòmú ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá rí ẹtù ti mọ ẹni tó ni iṣu.

"Ẹ sáà máa gé e," ìyá mi á ní. "Bó bá dọdún Iléyá, ṣùkù àgbàdo ni n óò ró lọ sí Yídì."

Bàbá mi á rẹ́rìn-ín. Àáfáà àdúgbò wa nìkan ló máa ń dá lóhùn. Àáfáà kò fẹ́ràn ààlè rárá, ó ní ó jọ ìbọ̀rìṣà, pé Ọlọ́run nìkan ló ń ṣọ́ nǹkan. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá kírun tán, ọ̀rọ̀ náà ni. Bàbá mi á sì fèsì kan náà nígbà gbogbo: "Àáfáà, mi ò pe ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Mo kàn ní ó ní ẹni tó ni ín."

Ọdún tí mo ń sọ yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi ni. Ṣakí ni ilé ọkọ mi wà, ṣùgbọ́n mo wá bímọ sọ́dọ̀ ìyá mi bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣe. Àwọn ológun ti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú nígbà náà, a ti dìbò, a ti jó, a ti ní alága káńsù tiwa tó ń gun ọkọ̀ kiri. Òjò wá tètè dá. Mo ní ó tètè dá, àgbàdo ìkejì kò tíì gbó tí ojú ọ̀run fi funfun. Ọyẹ́ dé, ó sì dé pẹ̀lú ìbínú. Kànga gbẹ, a fi okùn kún okùn, garawa ń kan àpáta nísàlẹ̀ ni. Odò tí bàbá mi ti ń fọ ẹsẹ̀ bó bá ti oko dé di ọ̀nà tí à ń fi bàtà rìn kọjá. Dáàmù nìkan ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí dáàmù náà ti jẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì kéré nígbà tí wọ́n sé odò yẹn. Ìjọba mú katakata wá, lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkúta tó wà nídìí rẹ̀, orí àwọn bàbá wa ló rù ú. Àwọn ìyá wa se oúnjẹ fún wọn lábẹ́ igi oṣè tó wà níbẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ kún un: òkè tó wà lẹ́yìn ìlú dojú kọ ara rẹ̀ nínú omi, àwọn ènìyàn sì dúró tí wọ́n ń wò ó. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ sùn tí oorun kò wá, omi yẹn ni mo máa ń wò lọ́kàn mi.

Nígbà tí ọ̀dá náà le, káńsù ní àwọn fẹ́ ṣọ́ omi kó má baà tán. Ọ̀rọ̀ náà dára létí, kò sí ẹni tó bá wọn jà lórí rẹ̀. Wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí dáàmù ká, wọ́n gbé ọlọ́pàá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní garawa kan ni fún agbo ilé kọ̀ọ̀kan. A gbà. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán gangan, tánkà káńsù á dé, ọlọ́pàá á ṣí ọ̀nà fún un, á fa omi yó, á gbé e lọ sí kọ́tásì àwọn ọ̀gá àti ilé tí alága ń kọ́ lọ́wọ́. Omi tí ọmọ mi kò rí wẹ̀ ni wọ́n fi ń po sìmẹ́ǹtì. Ìdí tánkà náà sì ń jò. Bó bá ti ń lọ, àwọn ewúrẹ́ á tò tẹ̀lé e, wọ́n á máa lá títì. Mo dúró létí ọ̀nà, mo pọn ọmọ, mo ń wo ewúrẹ́ tó rí omi mu jù mí lọ.

Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n gbé korobá òfìfo lọ sí ọ́fíìsì káńsù, wọ́n ní kí alága wá sọ tẹnu rẹ̀. Alága kò jáde. Ó ní dáàmù ìjọba ni, pé ìjọba kì í bá aláìmọ̀kan sọ̀rọ̀ lójú títì. Àwọn tó ru òkúta gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn ọ̀dọ́ ti gé igi dí ọ̀nà, wọ́n ti dáná sun lándróbà káńsù. Ọlọ́pàá dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú kòbókò àti tajútajú.

Ẹ má bi mí léèrè ariwo ọjọ́ náà, mi ò rántí rẹ̀. Èéfín ni mo rántí. Ó dà pọ̀ mọ́ ọyẹ́ títí èmi kò fi mọ èyí tó ń fi ata sí mi lójú. Àwọn korobá ń yí kiri lójú títì fúnra wọn, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń wá àwọn tó ni wọ́n. Mo fi ìborùn bo ojú ọmọ mi, mo jókòó sẹ́yìn ògiri kan, mo ń kọrin fún un bí ẹni pé a wà ní yàrá. Wọ́n na ẹni tó sun ọkọ̀, wọ́n na ẹni tí kò sun ọkọ̀. Wọ́n na Àáfáà wa tó ń ti ìrun alásárì bọ̀.

Ìlú dákẹ́ lẹ́yìn náà. Alága rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá so wáyà náà pọ̀ lónìí, wọ́n á bá a ní gígé lọ́la. Ẹni tí kò jí abẹ́rẹ́ rí ń jí omi. Àwọn ìyá tó ti lọ sí Mẹ́kà, àwọn bàbá tó ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ń gé wáyà, wọ́n sì ń fi ṣe àwàdà. Wọ́n ń fa omi ju èyí tí wọ́n nílò lọ, wọ́n ń dà á nù lọ́nà, nítorí pé ẹni tó bá ń jí nǹkan kì í dúró wọ̀n ọ́n. Omi ń lọ sílẹ̀ kíákíá. Bí wọ́n bá fi ọlọ́pàá kún ọlọ́pàá, a ó fi ẹni tó ń jí omi kún ẹni tó ń jí omi.

Ìgbà náà ni ẹnì kan gba alága nímọ̀ràn pé àwọn ará oko wọ̀nyí, ààlè nìkan ló yé wọn. Alága bá pààlè. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ri òpó irin mọ́lẹ̀, wọ́n so agbárí ewúrẹ́ mọ́ ọn, wọ́n so aṣọ pupa, ìyẹ́ adìẹ, ìkarahun ìgbín, ogbólógbòó bàtà, wọ́n wá fi àgádágodo ńlá kan kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n kọ ọ́ sí pátákó pé ààlè ìjọba ni. Ìlú tú jáde wá wò ó. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa, omi tí kò ná wa ní nǹkan kan. Ìyá arúgbó kan sún mọ́ ọn, ó yí i po, ó wá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ààlè ta ni?" Ènìyàn kì í pààlè sí ohun tí ìlú kò gbà pé ó jẹ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti jí àgádágodo lọ. Èmi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n jí ààlè fúnra rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, iṣu bàbá mi wà létí títì. Ọkọ̀ Ìbàdàn kò wá nítorí rògbòdìyàn, òkìtì náà sì ga, gbogbo iṣu ọdún yẹn ni: èyí tí a óò jẹ, èyí tí a óò tà, èbù tí a óò gbìn. Ẹtù ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí rẹ̀. Iṣu náà kò dín ọ̀kan.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, ọmọ òkè Ọya ni, ọkùnrin tó máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. Ó dúró níwájú òkìtì náà lọ́jọ́ kan, bàbá mi wà níbẹ̀ tó ń fi koríko bo iṣu. "Sànnú, Bàbá," ló ní. Bàbá mi gbọ́ Hausa díẹ̀ nítorí àwọn oníṣòwò tó ń wá ra iṣu. Wọ́n jókòó sórí òkúta, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Mo gbé oúnjẹ dé bá wọn, èdè náà kò yé mi, ó kàn ń dún létí mi bí òjò tó ń rọ̀ ní ìlú òkèèrè. Bàbá mi ló sọ ọ́ fún wa nígbà tó délé.

Ọkùnrin náà ní, "Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi, wáyà wà, síbẹ̀ wọ́n ń wọlé. Ṣùkù àgbàdo ló wà lórí iṣu yín. Kí lẹ fi sínú rẹ̀?"

Bàbá mi ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń kọjá náà ní tirẹ̀ níwájú. Bí mo bá dé ibẹ̀, èmi náà á yà fún un."

Ó ní ọ̀gá náà ní bẹ́ẹ̀ náà ni ní abúlé bàbá òun. Ó dìde, ó lọ sọ́dọ̀ alága. Ohun tó sọ fún un, èmi ò mọ̀, ṣùgbọ́n alága ránṣẹ́ pe bàbá mi pé kó wá fi ẹtù rẹ̀ pààlè sí dáàmù.

Ìyá mi kò jẹ́ kí ìránṣẹ́ náà jáde tán. "Aṣọ mi ni wọ́n fẹ́ fi bo ìdí káńsù?" ló ní. "Bàbá wọn, bí ẹ bá ṣe é, tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ta ni yóò tún yà fún yín?"

Òótọ́ ni ìyá mi sọ, bàbá mi sì mọ̀. Bí ààlè bá ti di yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó pa á kò ní ààlè mọ́. Iṣu rẹ̀ wà níta. Orúkọ rẹ̀ wà níta pẹ̀lú, bàbá mi sì fẹ́ràn orúkọ rẹ̀ ju iṣu lọ, ó tiẹ̀ máa ń fi yangàn díẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi mángòrò láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Mo wà níbẹ̀ tí mo ń fi omi inú ife kan nu ọmọ mi lára, omi kan náà ni mo fi nu ojú, tí mo fi nu ìdí. Bàbá mi wò mí títí. Ó wá ní, "Ọmọ yìí kò lè mu ìjà." Ó dìde.

Kò lọ sí káńsù. Agbo ilé sí agbo ilé ló ń lọ. Ó lọ bá àwọn ìyá tó ń pọnmi, ó lọ bá àwọn onígbàgbọ́, ó rìn lọ sí gáà àwọn Fúlàní darandaran. Ohun kan náà ló ń bi gbogbo wọn: báwo lẹ ṣe rò pé ká pín in? Wọ́n fẹnu kò sí i pé àwọn obìnrin á pọn ní àárọ̀, màlúù á mu ní ìkángun dáàmù ní ìrọ̀lẹ́, tánkà kò ní wọlé àfi bó bá jẹ́ ti ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi ránṣẹ́ sí alága pé kó fẹsẹ̀ rìn wá sábẹ́ igi oṣè, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn.

Alága wá. Kí n sọ òótọ́, ó fẹsẹ̀ rìn, eruku bo bàtà rẹ̀. Ó ní òun gbà, pé tánkà kò ní wọlé mọ́. Wọ́n ká wáyà kúrò. Bàbá mi ri igi kúkúrú kan mọ́lẹ̀, ó so ẹtù mọ́ ọn. Àwọn obìnrin so àfọ́kù igbá mọ́ ọn, olórí àwọn Fúlàní so okùn màlúù, ọkùnrin tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì so imọ̀ ọ̀pẹ. Àáfáà dúró lókèèrè, ó káwọ́ sẹ́yìn, kò mú nǹkan kan wá.

Bàbá mi wá sọ̀rọ̀. "Mo fi ohun tí mo ní dúró fún ààlè yìí," ló ní. "Bó bá bàjẹ́, n óò lọ tú èyí tó wà lórí iṣu mi. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá kó o."

Ìyá mi di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo máa ń lá lálàá. Kò sí ìbọn létí omi. Ní àárọ̀, ọyẹ́ á bo gbogbo rẹ̀, a óò máa gbọ́ ohùn ara wa kí a tó rí ara wa, ẹ káàárọ̀ á máa ti inú kùrukùru jáde. Ẹni tó bá pọn tiẹ̀ tán á dúró gbé garawa ru ẹni tó kàn. Arúgbó tí kò lè rìn, wọ́n ń gbé tirẹ̀ lọ bá a nílé. Ọ̀gá ọlọ́pàá á wá jókòó lábẹ́ igi oṣè láìwọ fìlà, á máa fi ọwọ́ ṣeré nínú omi. Ó sì yà mí lẹ́nu, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu, pé omi tí kò tó wa nígbà tí wọ́n ń fi ìbọn ṣọ́ ọ wá tó wa nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Mo rò ó nígbà náà pé agbára lọ́tọ̀, àṣẹ lọ́tọ̀. Ìbọn lè mú kí n dúró. Kò lè mú kí n gbé garawa ru aládùúgbò mi.

Ilé alága ni ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó kọ́ ọ tán, ó fẹ́ ṣí i, àlejò ń bọ̀ láti Ìbàdàn, oúnjẹ àti ìwẹ̀ sì ń fẹ́ omi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tánkà yọ. Ọmọ Kòmú ni dírẹ́bà tó wà á. Nígbà tó dé iwájú ààlè, ó pa ọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Àbúrò alága tó jókòó tì í ní kó máa lọ. Dírẹ́bà ní, "Ẹ dákun, ìyá mi ṣì wà láyé. Mi ò ní í fi í gba èébú." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó ń fẹsẹ̀ rìn padà. Àbúrò alága bọ́ sí ìdí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó wà á gba orí ààlè kọjá. Mo gbọ́ bí igi náà ti ṣẹ́. Ohùn kékeré ni, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹ̀pà mọ́lẹ̀.

Wọ́n sáré pe bàbá mi. Ìlú ti pé kó tó dé, ọlọ́pàá náà ti dé, wọ́n ti tò, wọ́n ń retí òkò. Kò sí ẹni tó sọ òkò. Bàbá mi gba àárín wọn kọjá, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú igi tó ṣẹ́ náà. Ó tú ẹtù. Ó gbọn eruku rẹ̀, ó ká a, ó fi í sápò. Àwọn obìnrin wá tú àfọ́kù igbá wọn. Olórí Fúlàní tú okùn rẹ̀. Ọkùnrin alágogo mú imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀. A gbé korobá òfìfo, a yí padà sílé, àti àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ìbọn kalẹ̀, wọ́n dúró níbẹ̀ nínú ọyẹ́, kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà.

Ẹ óò fẹ́ mọ bí alága ti parí. Láti ọjọ́ náà, ó ń pàṣẹ, kò rí ẹni tó ń gbọ́. Ó pe ìpàdé, àga ló bá sọ̀rọ̀. A kò bú u, a kò sọ òkò sí ilé rẹ̀, a kàn ń kí i bí à ń kí àlejò. Àwa fúnra wa la padà pín omi títí òjò fi rọ̀. Nígbà tó ṣe, àwọn ológun tún gba ìjọba, a gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n ní káńsù ti tú ká. Ìyá mi tó ń gé ilá kò gbé ojú sókè. "Ṣé káńsù ṣì wà tẹ́lẹ̀ ni?" ló ní.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá mi ló jẹ mí lógún. Láti ìdí dáàmù lọ́jọ́ tí ààlè ṣẹ́ náà, kò délé. Ó lọ tààrà sétí títì, ó tú ààlè tó wà lórí iṣu rẹ̀, ó ju ṣùkù náà sínú igbó. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní, "Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀." Ó ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n gba alága gbọ́." Ebi ń pa ìlú, ọ̀nà kún fún èrò tí a kò mọ̀, iṣu sì wà níta ní ìhòòhò. Ìyá mi tó lè fi ohun gbogbo ṣe yẹ̀yẹ́ kò sọ nǹkan kan. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá mi ní kí a lọ wo ohun tó kù. Ìyá mi gbé apẹ̀rẹ̀ dání, bóyá a óò rí èbù díẹ̀ ṣà. Mo pọn ọmọ, mo tẹ̀ lé wọn. Ọyẹ́ pọ̀ lọ́nà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu òkìtì náà kí a tó rí i.

Iṣu náà pé. Mo nu ojú mi, mo tún wò ó. Igi kéékèèké ló yí i ká, òmíràn gùn, òmíràn wọ́, wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ níbi tí ọwọ́ kálukú bá bá a. Àfọ́kù igbá wà níbẹ̀. Okùn màlúù wà níbẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ wà níbẹ̀, àti ìgbálẹ̀ àti ṣùkù àwọn tí èmi ò mọ̀ rí. Ìlú ti pààlè sí iṣu bàbá mi. Níwájú pátápátá, wọ́n fi okùn kọ́ ìdérí búútà kan sórí igi, irú búútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, Àáfáà sì dúró tì í pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

Bàbá mi wo ìdérí náà, ó wo Àáfáà.

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni síbẹ̀ o," Àáfáà ní. "Mo kàn ní ó ní ẹni tó ni ín."

Bàbá mi jókòó sórí òkúta tí òun àti ọ̀gá ọlọ́pàá jókòó sí lọ́jọ́sí. Ìyá mi sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Ó tọwọ́ bọ àpò bàbá mi, ó yọ àkísà ẹtù náà, ó sì fi nu omijé ojú ọkọ rẹ̀.